Bíà àlìkámà oní-mángòrò: mángòrò wọlé, mángòrò pòórá

Ọmọ_Ajílété · Ọjọ́bọ, 9:12 alẹ́

Ẹ̀yin àgbà àtẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ gbà mí. Láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni mo ti ń pọn bíà díẹ̀díẹ̀ nílé, lítà 10 lẹ́ẹ̀kan, nínú kíṣìnì ìyàwó mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Àwọn tí mo ti pọn ṣáájú ò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àsìkò mángòrò dé, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ẹ mọ ìlú wa lóṣù kẹrin: ọmọdé ń jẹ mángòrò, ewúrẹ́ ń jẹ mángòrò, ilẹ̀ náà ń jẹ nínú ẹ̀. Mo ní n óò pọn bíà àlìkámà kan tó máa dà bí ìpápánu lẹ́nu: kí mángòrò ṣáájú, kí àgbọn tẹ̀ lé e, kó wá fi adùn bàbá dúdú parí, súwítì tí gbogbo wa là ní kékeré.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Àlìkámà híhù kìlò kan ààbọ̀, báálì híhù kìlò kan. Mo rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná ní 66°C fún wákàtí kan, mo jọ̀ ọ́ (ìyẹn nìkan gbà mí ní wákàtí méjì ààbọ̀, asẹ́ dí pa), mo wá sè é fún wákàtí kan pẹ̀lú hops (òdòdó tó ń mú bíà korò) gíráàmù 10. Nígbà tó tutù, hydrometer, ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nínú ọtí, ka 1.050. Mo da yíìsì bíà àlìkámà sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń hó bí ẹmu òwúrọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin mo bó mángòrò, ara ẹ̀ tó kìlò méjì, mo sè é kí kòkòrò inú ẹ̀ lè kú, mo dà á sí i. Mo rin odindi àgbọn kan sí i ní tútù. Mo tún da mílíkì oníyẹ̀fun kọ́ọ̀pù méjì lé e, kó lè ki bíi wàrà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án mo rọ ọ́ sínú ìgò, ṣúgà gíráàmù 8 fún lítà kan.

Kò sí mángòrò níbẹ̀. Rárá. Ó kan lẹ́nu, ó ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù pẹ̀lú kútẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń kun èékánná. Kò fófòó. Epo léfòó lórí ẹ̀, ohun funfun kan sì dì sísàlẹ̀. Lánàá, ìgò méjì bẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní adigunjalè ti dé.

Níbo ni mángòrò mi lọ?

Ará_Akẹ̀sán · Ọjọ́bọ, 9:40 alẹ́

Háà! Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. Ó ti wá kan pé kẹ́ ẹ máa mu mángòrò kẹ́ ẹ tó jẹ ọkà báyìí.

Ẹ̀gbọ́n, láti 1516 làwọn ará Bavaria ní Jámánì ti ṣòfin pé omi, báálì àti hops nìkan ni kó wọ inú bíà. Ẹ da mángòrò sí i. Ẹ da àgbọn sí i. Ẹ da mílíkì sí i. Ẹ̀gúsí nìkan ló kù.

Kaṣú_Tútù · Ọjọ́bọ, 10:31 alẹ́

Bọ̀dá Akẹ̀sán, òfin yẹn ò dárúkọ àlìkámà náà o. Wọ́n fẹ́ kí àlìkámà wà fún búrẹ́dì ni. Àwọn ìdílé ọlọ́lá ló gba àyè láti máa fi pọn bíà, títí tí Ọba-kékeré wọn, Maximilian Kìíní, fi gbà á sọ́wọ́ ara ẹ̀ ní 1602. Nítorí náà bíà àlìkámà fúnra ẹ̀, ẹ̀yìnkùlé òfin ló gbà wọlé. Tí ẹ bá dé Bẹ́ljíọ̀mù, èèpo ọsàn ni wọ́n ń dà sínú tiwọn, wọ́n sì ní bíà tí wọ́n ń fi èso ṣẹ́rì pọn. Ẹ jẹ́ kí bọ̀dá wa da mángòrò sí i.

Mílíkì ni mi ò lè gbà.

Bọ̀dá Ajílété, ẹ má bínú, n óò sọ ọ́ bó ṣe rí (ìmọ̀ oúnjẹ ni mò ń kà ní LAUTECH, ọdún kẹrin). Mángòrò yín ò lọ síbì kankan, yíìsì ló jẹ ẹ́. Ohun tí ahọ́n wa ń pè ní mángòrò, méjì ló para pọ̀: ṣúgà àti òórùn. Ṣúgà inú mángòrò tó pọ́n ń lọ bíi gíráàmù 14 nínú 100. Kìlò méjì yín kó nǹkan bíi gíráàmù 280 ṣúgà wọlé, yíìsì sì gbé gbogbo ẹ̀ mì. Tí ṣúgà bá ti lọ tán, kíkan inú mángòrò ló máa ṣẹ́ kù sí yín lẹ́nu. Òórùn ńkọ́? Ẹ sè é, apá kan gba fèrèsé kíṣìnì jáde. Ẹ dà á sínú ọtí tó ṣì ń hó gidi, afẹ́fẹ́ tó ń ru jáde gbé ìyókù lọ. Sísè yẹn tún tú pectin inú mángòrò sílẹ̀, ohun tó ń mú jáàmù dì, òun ló jẹ́ kí ọtí yín rí bí omi ògì.

Ti mílíkì: ọ̀rá inú ẹ̀ ló pa ìfófòó, epo àgbọn sì ràn án lọ́wọ́. Ohun funfun ìsàlẹ̀, wàrà ni. Ẹ rí bí àwọn Fúlàní ṣe ń fi omi ewé bòmubòmu mú mílíkì dì? Kíkan inú bíà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn náà. Wàrà lẹ ṣe sínú ìgò, bọ̀dá.

Ọmọ_Ajílété · Ọjọ́bọ, 10:44 alẹ́

Ìyàwó mi ń ka èyí lẹ́yìn mi, kò tíì dákẹ́ ẹ̀rín.

Ìyá_Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 5:50 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni ìyá mi pọn tó fi rán wa níléèwé, nítorí náà mi ò lè kọjá ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò mọ hydrometer, ṣùgbọ́n mo mọ ọtí tó ti hó tán. Ẹ ò ní gbọ́ ohùn nínú ẹ̀ mọ́, ojú ẹ̀ á tòrò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sì jókòó sísàlẹ̀. Ìwọ ọmọ yìí, mángòrò lọ́jọ́ kẹrin, ìgò lọ́jọ́ kẹsàn-án! Ọtí ṣì ń jẹun, o ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kí ni kó má bẹ́ sí?

Ohun kejì: ìkòkò tí ìyá mi fi ń pọntí, epo kì í kàn án láéláé. Ó ní aṣọ tó fi ń nù ún lọ́tọ̀. Ọtí àti epo ò jọ jókòó. Ẹni tó bá fi ìkòkò yẹn se ọbẹ̀, ara ẹ̀ á gbọ́ ọ.

Ìkẹta, àgbọn tútù tí o rin sí i. Ọwọ́ rẹ, asẹ́ rẹ, èèpo àgbọn, gbogbo wọn ló ní ohun tó lè mú ọtí kan. Bí èmi bá fẹ́ kí ọtí kan, mo mọ bí mo ṣe ń ṣe é.

Onítẹ̀bọmi_Tòótọ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 7:05 àárọ̀

Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá ilé ẹ̀kọ́ ìsìn sílẹ̀ sí láti 1898, ibẹ̀ lẹ ti ń jókòó pọntí. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìyá_Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 7:20 àárọ̀

Ọmọ mi, ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà ni mò ń lọ. Wá gba tìẹ lẹ́yìn ìsìn, èyí tí kò tíì hó ni n óò bù fún ọ.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Lókè_Òkun · Ọjọ́ Ẹtì, 1:18 ọ̀sán

Gbogbo yín ti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì fọwọ́ kan ooru. Ẹ̀gbọ́n Ajílété, báwo ni yàrá yín ṣe gbóná tó lọ́jọ́ tí ọtí ń hó?

Ọmọ_Ajílété · Ọjọ́ Ẹtì, 1:25 ọ̀sán

Mo gbé tẹmómítà síbẹ̀. 31 lọ́sàn-án, 28 lóru. Kò sí iná fún ọjọ́ mẹ́ta, fáànù ò yí.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Lókè_Òkun · Ọjọ́ Ẹtì, 2:02 ọ̀sán

Kútẹ́ẹ̀sì yín nìyẹn. Yíìsì bíà àlìkámà àwọn ará Jámánì, láàárín 18 sí 22 ló ti ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti máa fún yín ní òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ díẹ̀ àti kànáfùrù díẹ̀, ìyẹn gan-an làwọn èèyàn ń wá nínú bíà àlìkámà. Ní 31, ó ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà á bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ sì rántí pé inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ń gbóná ju yàrá lọ nígbà tí ọtí bá ń hó, nítorí iṣẹ́ yíìsì fúnra ẹ̀ ń mú ooru jáde.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ìkíní, ẹ wá yíìsì tí kò sá fún ooru. Àwọn àgbẹ̀ Norway ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní kveik, láti baba dé ọmọ ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀, wọ́n á ti igi tí wọ́n gbẹ́ bọ inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, wọ́n á sá a gbẹ títí di ìgbà tí wọ́n á tún pọntí. Èyí tó wá láti Voss ń ṣiṣẹ́ láìṣe wàhálà ní 35, àní tó bá kan 40. Òórùn ọsàn ló máa ń ní, kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ìyẹn kì í ṣe bíà àlìkámà gidi mọ́. Tẹ́ ẹ bá bi mí, ọsàn àti mángòrò bára wọn mu ju kànáfùrù àti mángòrò lọ, ooru Ògbómọ̀ṣọ́ ló sì yẹ kó yan yíìsì fún yín. Tí mo bá ń bọ̀ wálé ní Kérésìmesì n óò mú páálí mẹ́ta dání.

Ọ̀nà kejì, tí ẹ ò bá lè dúró dè mí: omi.

Ìyá_Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 2:30 ọ̀sán

Omi náà ni. Kí ló ń mú omi inú amù tutù ṣáájú kí fíríìjì tó dé? Amù ń làágùn ni. Ki bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ bọ inú agbada omi, fi ìró tútù wé e, kí ìdí ìró wà nínú omi, gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Nígbà ọyẹ́ á tutù débi pé wàá gbé e kúrò nínú omi nítorí òtútù. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí afẹ́fẹ́ ti rin.

Kaṣú_Tútù · Ọjọ́ Ẹtì, 3:11 ọ̀sán

Mà, ẹ ti kọ́ mi lóhun tí olùkọ́ wa fi wákàtí méjì ṣàlàyé.

Kí n fi kún un: píọ̀ wọ́tà tó ti dì. Ẹ ju mẹ́rin sínú agbada láàárọ̀, mẹ́rin lálẹ́. A ti ṣe é ní Under G, àdúgbò àwa akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, láìní fìrísà tiwa, obìnrin tó ń ta píọ̀ wọ́tà níwájú ilé wa ló ń yá wa.

Ará_Akẹ̀sán · Ọjọ́ Ẹtì, 8:47 alẹ́

Mo ní ìbéèrè gidi báyìí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Báálì híhù yìí, ṣé Èkó lẹ ti ń rà á? Owó ẹ̀ ò ṣeé gbọ́. Ọkà bàbà wà níbí nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ṣé mi ò lè fi rọ́pò ni?

Kaṣú_Tútù · Ọjọ́ Ẹtì, 9:30 alẹ́

Ó ṣeé ṣe, ilé iṣẹ́ bíà ńláńlá náà ti ṣe é. Nígbà tí ìjọba fòfin de báálì tó ń tòkè òkun bọ̀ ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni wọ́n sá lọ bá, ọ̀pọ̀ bíà ilẹ̀ yìí sì ní ọkà bàbà nínú títí dòní. Ṣùgbọ́n nílé, ó ní wàhálà méjì.

Àkọ́kọ́, sítáàṣì ọkà bàbà kì í rọ̀ bọ̀rọ̀. Ti báálì àti àlìkámà ti ń rọ̀ kí omi tó gbóná dé 65. Ti ọkà bàbà, ó di nǹkan bí 70 sókè, nígbà yẹn ooru á ti máa pa àwọn ẹ́ńsáìmù tó yẹ kó sọ ọ́ di ṣúgà. Ẹ máa kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kẹ́ ẹ rọra da omi orí ẹ̀ sápá kan (inú omi yẹn ni ẹ́ńsáìmù wà), kẹ́ ẹ wá se ìyókù bí ẹ ṣe ń se ẹ̀kọ. Tó bá ti wálẹ̀ dé 65, ẹ da omi àkọ́kọ́ padà sí i. Ọ̀nà tí àwọn onípítò ń gbà ò jìnnà síyẹn.

Èkejì ṣe pàtàkì jù. Ọkà bàbà tó bá hù, májèlé sáyánáìdì máa ń wà nínú gbòǹgbò àti ọ̀mùnú ẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ sá a gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ fọwọ́ ra á, kẹ́ ẹ fẹ́ gbogbo gbòǹgbò àti ọ̀mùnú yẹn dànù kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹ ò gbọdọ̀ fò ó o.

Ọmọ_Ajílété · Ọjọ́ Ẹtì, 10:02 alẹ́

Lórí lílọ̀: àlìkámà mi, Sábó ni mo ti rà á, èmi ni mo rẹ ẹ́, tó hù, tí mo sá a. Ọ̀dọ̀ ọlọ́lọ̀ èlùbọ́ ni mo gbé e lọ. Ó lọ̀ ọ́ kúnná bí ìyẹ̀fun, bíà náà sì ní òórùn láfún díẹ̀. Mo gbàgbé láti sọ ìyẹn lánàá. Ojú ń tì mí.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Lókè_Òkun · Ọjọ́ Ẹtì, 11:15 alẹ́

Ìdí nìyẹn tí asẹ́ fi dí fún wákàtí méjì ààbọ̀! Àlìkámà ò ní èèpo bíi ti báálì, kò sí ohun tí omi máa gbà kọjá, ẹ sì tún lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ sọ fún ọlọ́lọ̀ kó dẹ ẹ̀rọ sílẹ̀, kí ọkà kàn fọ́ sí méjì mẹ́ta. Kó kọ́kọ́ fi ọkà yín fọ ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ da ẹkùnwọ́ méjì àkọ́kọ́ fún adìẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ wá èèpo ìrẹsì lọ́dọ̀ àwọn tó ń pa ìrẹsì, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ fi mọ́, ẹ pò ó mọ́ ọkà. Gíráàmù 150 tó. Kò ní adùn, kò ní òórùn, ọ̀nà ló ń là fún omi.

Ní ti adùn ìpápánu tẹ́ ẹ ń wá: ohun tí yíìsì ò lè jẹ ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Ṣúgà inú wàrà, lactose, ni kẹ́ ẹ wá, kì í ṣe mílíkì. Kò lọ́ràá, yíìsì bíà ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Gíráàmù 25 fún lítà kan, ẹ dà á sí i nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó kúrò lórí iná. Ẹ kàn sọ fún àlejò kó tó mu, nítorí inú àwọn mìíràn ò gba wàrà.

Ọmọ_Ajílété · lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Ọjọ́ Àìkú, 4:20 ìrọ̀lẹ́

Mo ti padà dé o.

Mo da gbogbo ti àkọ́kọ́ nù. Mo fi ìbora bo àwọn ìgò, mo fi ìbọ̀wọ́ ṣí wọn níta, ìbẹ̀rù Ọlọ́run wà lọ́kàn mi.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọkà ò yí padà, ṣùgbọ́n ọlọ́lọ̀ dẹ ẹ̀rọ sílẹ̀, èèpo ìrẹsì sì wọlé. Jíjọ̀ tó gba wákàtí méjì ààbọ̀ parí láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Fún bàbá dúdú, mo yan ṣúgà gíráàmù 200 nínú páànù gbígbẹ títí ó fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi igi ìrókò, mo bù nínú omi ọkà sí i kó tó dúdú jù, mo dà á padà. Lactose gíráàmù 250. Hydrometer ka 1.065.

Yíìsì kan náà, nítorí Kérésìmesì ṣì jìnnà. Agbada, ìró ìyàwó mi (ó ti ní kí n ra òmíràn), píọ̀ wọ́tà dídì láàárọ̀ àti lálẹ́. 22 ló wà, ọjọ́ kan péré ló gun 24.

Mo dúró ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn ni mángòrò tó wọlé. Ẹ gbọ́ èyí: mi ò sè é. Mo yan èyí tó ti pọ́n débi pé òórùn ẹ̀ kún yàrá, mo fi omi gbígbóná ṣan èèpo ẹ̀, mo gé e pẹ̀lú ọ̀bẹ tí mo sè, mo kó o sínú fìrísà aládùúgbò fún ọjọ́ mẹ́ta. Dídì yẹn ló ń fọ́ ara ẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí omi ẹ̀ fi ń jáde wọ̀ọ̀. Mángòrò Ògbómọ̀ṣọ́ wa yìí ní okùn tó ń há sí eyín, àmọ́ òórùn ẹ̀ pọ̀ ju ti òyìnbó lọ fíìfíì, nínú ọtí okùn ò sì kan ẹnikẹ́ni. Kìlò mẹ́ta, nínú àpò aṣọ tí mo sè. Ó tún hó díẹ̀, ó dákẹ́.

Àgbọn: mo rin ín, mo yan án nínú páànù gbígbẹ tó fi pọ́n, mo rẹ ẹ́ sínú ògógóró fún ọjọ́ mẹ́ta, mo jọ̀ ọ́, mo gbé omi ẹ̀ sínú fíríìjì. Epo ẹ̀ dì lókè bíi àbẹ́là. Mo ṣí i kúrò bí ìdérí, ó ku òórùn àgbọn nìkan.

Ọjọ́ mẹ́ta léraléra ni hydrometer fi ka 1.020, kí n tó gbà pé ó ti tán. Ṣúgà gíráàmù 6 fún lítà kan. Mo rọ ọ̀kan sínú ìgò ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Tó bá ti le bí òkúta lábẹ́ ìka, gbogbo ìyókù á wọ fíríìjì. Ọjọ́ karùn-ún ló le.

Kaṣú_Tútù · Ọjọ́ Àìkú, 4:31 ìrọ̀lẹ́

Ẹnu ńkọ́, bọ̀dá? Ẹnu!

Ọmọ_Ajílété · Ọjọ́ Àìkú, 4:52 ìrọ̀lẹ́

Ó fófòó ní ìka méjì, ó dúró. Àwọ̀ ẹ̀ bí oyin tí wọ́n po omi mọ́. Tẹ́ ẹ bá gbé e sún mọ́ imú, àgbọn lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́nu, ó dùn díẹ̀, kò dùn bíi mínírà. Mángòrò kì í tètè dé: tẹ́ ẹ bá gbé e mì tán lẹ máa gbọ́ ọ lọ́nà ọ̀fun, bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní wákàtí kan sẹ́yìn. Kò pọ̀ bí mo ṣe fẹ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, kìlò mẹ́rin. Bàbá dúdú ò yọ rárá. Ìyàwó mi mu gíláàsì méjì, ó ní gúrúndì ni.

Ìyá_Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ · Ọjọ́ Àìkú, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ó ṣe é. Mo tọ́ ọ wò lánàá. Ògógóró yẹn pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

Ará_Akẹ̀sán · Ọjọ́ Àìkú, 5:14 ìrọ̀lẹ́

Mo wà ní gáréèjì Òwódé, Ọ̀yọ́, ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ku èrò kan. Ìgò mélòó ló kù?

Ọmọ_Ajílété · Ọjọ́ Àìkú, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Mẹ́ta. Ìyá ti ní kí n bá àwọn fi méjì pamọ́. Kó o mú ìgò òfìfo dání o.